Wáyà Tuntun Etí Ológbò

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu wọn ló ń bọ́ wọn. Ní ti ọkùnrin yìí, etí ni. Láàárín ọ̀sẹ̀, gíláàsì fèrèsé ló ń gé nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí eruku rẹ̀ ń dán nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí Sátidé bá ti dé, yóò fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, yóò gbé gìtá kọ́ ọrùn, yóò sì di ẹlòmíràn. Bí okùn gìtá kan bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, bí awọ ìlù bá dẹ̀, bí sípíkà bá fẹ́ ya, òun ni yóò kọ́kọ́ na ìka sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Etí Ológbò. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ẹgbẹ́ náà kò pọ̀. Olórí wọn ń fun fèrè, ọkùnrin aláwàdà kan ń tẹ dùùrù, ẹnì kan ń lùlù. Ìyàwó Etí Ológbò ló ń kọrin. Àbúrò ìyàwó yìí lọ́kùnrin, tó jẹ́ atúnrédíòṣe, ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ wọn. Inú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé epo ni wọ́n ti ń múra sílẹ̀, ẹni tó sì ni gbọ̀ngàn náà ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé bí wọ́n bá tẹ́ òun lọ́rùn, àwọn ni yóò máa wá ṣeré níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé.

Ẹni tó bá fẹ́ ra wáyà tí wọ́n fi ń so gìtá mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ọ̀dọ̀ Etí Ológbò ló ń lọ gba ìmọ̀ràn. Kò sì háwọ́ ìmọ̀ràn rí. "Má wo bó ṣe sanra," ni yóò wí. "Ohùn tó ń jáde nínú gìtá ò lágbára rárá, ó dà bí ohùn aláìsàn. Ariwo fáànù, ariwo iná, ariwo rédíò, gbogbo wọn ló fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n wáyà tín-ín-rín yí èyí tó wà láàárín ká, kí ariwo ìta má bàa wọlé. Tú ẹnu ẹ̀ wò kó o tó sanwó. Tó ò bá rí àwọ̀n, fi sílẹ̀ fún wọn. Ká a, kó o jù ú sílẹ̀. Tó bá ká jọ bí ejò, kò dáa. Má sì ra èyí tó gùn ju ibi tó o fẹ́ dé lọ." Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbà á sétí, nítorí ẹni tó ń pín in kiri kò rántí pín in fún ara rẹ̀.

Wáyà tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, àna rẹ̀ atúnrédíòṣe yìí ló fi ọwọ́ ṣe é fún un, tó fi òjé jó ẹnu rẹ̀ méjèèjì dáadáa. Wáyà gidi ni, ṣùgbọ́n kò ní ẹwà kankan. Ó ti gbó, téèpù dúdú sì ti pọ̀ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹni tó ni gbọ̀ngàn mú àwọn àlejò wá wò wọ́n, atẹdùùrù fi ẹsẹ̀ tọ́ wáyà náà nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé eléyìí ṣì ń mí? Ẹ sọ fún wa tó bá ti kú o, ká lè tètè sin ín." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Etí Ológbò náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rẹ́rìn-ín. Títí ó fi délé, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Wáyà kan wà lórí ìkọ́ tí ojú rẹ̀ kò lè kúrò lára rẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni, ó nípọn tó àtàǹpàkò, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ń kọ mànà. Ó gbé e, ó wúwo. Ó tẹ̀ ẹ́, kò fẹ́ tẹ̀, bí ọmọ olówó. Omidan tó ń tajà sún mọ́ ọn.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Torí oríṣiríṣi ló wà. Ó ní ti gìtá, ó ní ti sípíkà."

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ta gìtá," ni Etí Ológbò dá a lóhùn. "Ṣáà bá mi dì í."

Ọmọbìnrin náà dì í. Ó ti béèrè ní tiẹ̀. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí Etí Ológbò kò tú ẹnu wáyà náà wò, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ́ tajá tẹran. Ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti kí i pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, wọ́n sì ń wo ohun tó fẹ́ mú. Lójú tiẹ̀, ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú ló ń tú ẹnu wáyà. Ó rí àwọn lẹ́tà funfun wínníwínní lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi awò ojú rẹ̀ hàn níta, ó sì rò pé orúkọ àwọn tó ṣe é ni. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Sátidé dé. Gbogbo wọn yẹ́ wáyà tuntun náà sí. Atẹdùùrù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án, bóyá ire á tàn dé ọ̀dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n bí Etí Ológbò ṣe kì í bọ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùn. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń kùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dánu dúró láti mí, tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn ọkùnrin kan jáde látinú sípíkà, ó ń ka èsì bọ́ọ̀lù. Rédíò ti wọlé. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn, tó jókòó síwájú, fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wo òkè ilé.

Gbogbo ojú yí sí Etí Ológbò, nítorí etí rẹ̀ ni adájọ́ wọn. Ó tẹ etí sílẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀rọ ni," ó ní. "Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tú u. Ẹni tó tú u ni kẹ́ ẹ bi."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ló ń dárúkọ nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tú ẹ̀rọ níbẹ̀? Àna rẹ̀ lóṣòó ti ẹ̀rọ náà, ó fi ọwọ́ tọ wáyà aláwọ̀ ewé náà láti ìdí dé orí, ó gbé ojú sókè wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

"Màá tún un wò, Bọ̀dá," ni ohun tó wí.

Ó tú u wò lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń kùn síbẹ̀. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn sọ ọ́ tààrà pé bó bá jẹ́ báyìí ni wọn yóò ṣe máa ṣe é, òun á wá ẹgbẹ́ mìíràn. Ṣé kò sí wáyà mìíràn tí wọ́n lè fi dán an wò ni? Ó wà. Àmọ́ ta ló máa sọ fún Etí Ológbò pé wáyà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn ni kò dáa? Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Olórí ẹgbẹ́ ní kí atúnrédíòṣe náà lọ sinmi ná, kí àwọn wá ẹlòmíràn. Ìyàwó Etí Ológbò ló mú àbúrò rẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ìtìjú náà sì dun òun ju gbogbo wọn lọ. Ó kọjú sí i níwájú gbogbo èèyàn.

"O dójú tì mí," ó ní. "Má padà wá síbí mọ́."

Ọkùnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó kí wọn, ó lọ. Ọ̀rọ̀ kò ní ẹsẹ̀, àmọ́ ó ń rìn. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń gbé fáànù àti rédíò wá fún un fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Etí Ológbò mọ òótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti jáde, òun nìkan ló wà ní pálọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní igun ilé tó ti rà kó tó gbéyàwó, tí ẹnikẹ́ni kò tú rí láyé. Ó fẹ́ fi ta orin díẹ̀. Ó so wáyà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà sì kùn hùùn. Ó tẹ etí sí i. Láìpẹ́, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ látinú ẹ̀rọ tí kì í ṣe rédíò.

Ó wọ inú yàrá lọ mú awò ojú rẹ̀, ó gbé wáyà náà sún mọ́ fèrèsé, ó ka àwọn lẹ́tà funfun náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé wáyà sípíkà ni. Ó tú ẹnu rẹ̀. Wáyà bàbà ńlá méjì ló sùn ti ara wọn nínú rẹ̀. Kò sí àwọ̀n, kò sí ohun tó jọ àwọ̀n. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ilé ara rẹ̀, ojú sì ń tì í bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Òun tó ń kọ́ gbogbo èèyàn. Òun tó ní kí wọ́n bi ẹni tó tú u.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò lè bá a gbè sí. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ká wáyà náà, ó lọ tì í sẹ́yìn àwọn gíláàsì ńlá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ọjà kan tó jìnnà, níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n, ó fi awò ojú sójú, ó ní kí wọ́n kó wáyà gìtá síta. Ó tú ẹnu wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí ọ̀kan tí àwọ̀n rẹ̀ kúnná bí irun, tí wọ́n hun pọ̀ mọ́ra láìsí àlàfo. Ó ká a, ó jù ú sílẹ̀, ó sùn gbalaja. Ó fa ẹnu rẹ̀ wò, kò mì. Dúdú ni, kò dán, ẹnikẹ́ni kò lè yẹ́ ẹ sí. Òun ló rà. Ó mọ̀ ọ́n rà, ẹ rí i. Ó ti mọ̀ ọ́n rà láti ọjọ́ yìí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, olórí ẹgbẹ́ mú atúnrédíòṣe mìíràn wá. Ọkùnrin yẹn tú ẹ̀rọ, ó fi ẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó dé e padà. Nígbà tó di Sátidé, Etí Ológbò so wáyà dúdú mọ́ gìtá, ó ní aláwọ̀ ewé yẹn ti wúwo jù fún òun láti máa gbé kiri. Ó ta á. Ohùn gìtá jáde, ó mọ́ lóló. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó fẹ́ eruku. Olórí ẹgbẹ́ ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn mi orí pé ó dára. Ìyàwó Etí Ológbò náà rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àlejò náà.

"Ẹ ṣeun jàre. Díẹ̀ ló kù kí àbúrò mi ba tiwa jẹ́."

Etí Ológbò doríkodò, ó ń yí okùn gìtá tí kò nílò yíyí. Orí yeye ní Mògún, ìpín àìṣẹ̀ ló pọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, ó sì bá wọn ta á.

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bí oníbàárà bá pe orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á dà bí ẹni pé wọ́n ń bú u. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra, ó gba ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ lọ nígbà tó ń ti gbọ̀ngàn bọ̀, gìtá lẹ́yìn rẹ̀, wáyà dúdú ní èjìká. Ó dúró lẹ́nu káńtà. Pẹpẹ tí rédíò àwọn èèyàn máa ń kún tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Fáànù ara rẹ̀ ni àna rẹ̀ ń tún ṣe.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Àǹtí ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa."

Wọ́n sọ̀rọ̀ oòrùn, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Etí Ológbò ti tò jọ láti ilé ti fò lọ. Ó ní òun ń lọ. Ó ti yí ẹ̀yìn padà nígbà tí àna rẹ̀ wo èjìká rẹ̀.

"Bọ̀dá, eléyìí dáa ju aláwọ̀ ewé yẹn lọ."

Etí Ológbò dúró gbọnin. "O mọ̀?"

"Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Níwájú ta ni?" Kò pariwo. "Ẹni tó ni gbọ̀ngàn jókòó síbẹ̀. Àǹtí mi di máìkì mú. Ṣé kí n wá sọ pé ọkọ wọn ò mọ wáyà gìtá yàtọ̀ sí ti sípíkà? Mo rò pé tẹ́ ẹ bá délé, ẹ máa rí i fúnra yín, ẹ ó sì sọ." Ó mú ìbòrí fáànù, ó ń dè é. "Ẹ sì rí i lóòótọ́."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kò sóhun tí mo fẹ́, Bọ̀dá. Ẹ bá mi kí Àǹtí."

Ì bá sàn kó gbá a létí. Etí Ológbò rìn lọ sílé, kò rí ojú ọ̀nà dáadáa. Ó ti wá ẹni tí yóò gbé ẹrù náà fún un, ẹni tí yóò sọ pé ó ti tó, kó gbàgbé rẹ̀. Wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní Sátidé, ẹni tó ni gbọ̀ngàn ti wá láti bá wọn fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Etí Ológbò mú wáyà aláwọ̀ ewé wá nínú àpò. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin kejì, ó ní kí wọ́n dúró. Ó so aláwọ̀ ewé mọ́ gìtá, ẹ̀rọ kùn hùùn. Atúnrédíòṣe tuntun náà fò dìde.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Etí Ológbò wí. Ó yọ ọ́, ó fi dúdú sí i, ilé dákẹ́. Ó tún fi aláwọ̀ ewé sí i, ó tún kùn. "Èmi ni. Wáyà sípíkà ni mo rà, mi ò tú u wò. Ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan. Àna mi ò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wọn. Olórí ẹgbẹ́ gbìyànjú láti bò ó.

"Ó ti kọjá náà. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? A ó ránṣẹ́ pe arákùnrin yẹn kó máa bọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ṣì di máìkì mú súnmọ́ ẹnu. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" ó béèrè, ìbéèrè náà sì gba inú sípíkà kárí gbogbo gbọ̀ngàn.

"Kí ẹni yìí tó wá."

"Nígbà tí mo bú àbúrò mi níbí, ẹ ò tíì mọ̀. Mo gbà." Ó yíjú sí i. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń ta gìtá kí n máa kọrin lé e."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tiẹ̀ kò tíì rìn jìnnà, àmọ́ ó ti ba nǹkan jẹ́ tó. Obìnrin náà gbé máìkì sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Etí Ológbò fi gìtá sílẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Kò tó ẹni tí í bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ló ń tọ̀ ọ́, títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀.

Obìnrin náà kò lè sọ̀rọ̀ tán tí ẹkún fi gbà á. "Má bínú sí mi," ló ń wí. "Mo sọ̀rọ̀ sí ẹ bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìyá mi."

"Àǹtí, ó ti tán. Ẹ má sunkún."

"Mo ti sọ fún wọn," ni Etí Ológbò wí láti ẹ̀yìn. "Níwájú gbogbo wọn. Olórí ẹgbẹ́ ní kó o máa bọ̀."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá. Ẹ bá mi kí wọn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì sí ìbínú nínú ẹ̀rín náà. "Mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló wí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Láti ìgbà náà títí di òní, kò wọ gbọ̀ngàn yẹn mọ́. Bó ti sọ̀rọ̀ náà tán ló dà bí ẹni tó rántí pé àlejò ṣì wà lórí ìdúró. Àga kan ṣoṣo ló ní. Ó mú àkísà, ó nù ún dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Kò gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń nu ojú. Iwájú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e sí, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti di àna ara wọn.

"Ẹ jókòó, Bọ̀dá."

Etí Ológbò ti múra sílẹ̀ fún èébú. Kò múra sílẹ̀ fún àga. Ó jókòó, nítorí pé wọ́n ní kó jókòó, kò sì lè gbé ojú sókè.